Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Kọ̀ntírólà Lésà Olówó Ńlá

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà olówó gọbọi fúnni, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Àmọ́ àwọn àgbà yìí kan náà ló sọ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe kìíní ń sọ fún wa pé ohun tó dára ń gba owó. Èkejì ń kìlọ̀ pé kí owó tí a máa ná bá iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iná lésà ṣòwò nílò òwe méjèèjì, ẹ̀yin tí ẹ ń tan iná sí gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, pèpéle olórin, òru ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ijó, ì báà jẹ́ Èkó tàbí Ìbàdàn lẹ wà, ì báà sì jẹ́ London tàbí Houston. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn yín ni pé: sọ́fíwià àti kọ̀ntírólà lésà tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, àbí orúkọ lásán la fẹ́ rà?

Èmi gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀, gbèsè ló sì máa dà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì débẹ̀. Iṣẹ́ ló yẹ kó ra kọ̀ntírólà. Kọ̀ntírólà kì í ra iṣẹ́.

Kí a tó dá owó lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń rà. Nínú ẹ̀rọ lésà, dígí kéékèèké méjì ló ń mì. Ọ̀kan ń darí ìtànṣán sọ́tùn-ún àti sósì, èkejì ń darí rẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀. Sìkánà là ń pè wọ́n. Ojú kan ṣoṣo ni ìtànṣán náà ń bà lára ògiri lẹ́ẹ̀kan. Eré tó ń sá ló ń jẹ́ kí a rí òbìrí, òdòdó tàbí orúkọ ọkọ àti ìyàwó. ILDA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ lésà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ní àwòrán ìdánwò kan tí wọ́n sábà ń fi ojú àmì 30,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan wọn sìkánà. Sọ́fíwià ló ń ya àwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ntírólà ló ń sọ àwòrán náà di agbára iná tí dígí méjèèjì àti àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù lè gbọ́ràn sí.

Ẹ kíyè sí i pé kọ̀ntírólà kò lè fún ẹ̀rọ ní ohun tí ẹ̀rọ kò ní. Bí sìkánà bá lọ́ra, gbogbo igun àwòrán á máa rọ́ kọ́rọ́bọ́tọ́, lẹ́tà á sì máa gbọ̀n, ì báà jẹ́ sọ́fíwià tó wọ́n jù lágbàáyé lẹ fi ń darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà kò tilẹ̀ ní ihò ILDA ẹlẹ́sẹ̀ 25 lẹ́yìn. Àwòrán tí ilé-iṣẹ́ ti kó sínú wọn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n yà, kò sì sí sọ́fíwià tó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ní ihò ILDA àti sìkánà tó dáńgájíá ni kí owó yín kọ́kọ́ bá. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi 30,000 yẹn nìkan tàn yín. Ìwọ̀n dígírì 8 péré ni wọ́n ń ya àwòrán ìdánwò ILDA sí. Ẹni tó bá tẹ́ àwòrán onígun púpọ̀ fẹ̀ kọjá ìyẹn gbọ́dọ̀ dín eré kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ba sìkánà jẹ́.

Ó wá kan ọbẹ̀ tí owó pa. Pangolin ni ọ̀pọ̀ ń dárúkọ jù nínú òwò yìí, ilé-iṣẹ́ tí William Benner dá sílẹ̀ ní 1986, tó wà ní Florida ní Amẹ́ríkà. QuickShow ni sọ́fíwià wọn fún olùbẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá ra kọ̀ntírólà rẹ̀ ti rà á pọ̀. BEYOND ni ti àwọn ọ̀gá. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, Essentials, Advanced àti Ultimate, bí ìpele bá sì ṣe ń ga ni owó ń gòkè. Kọ̀ntírólà wọn tó ń jẹ́ FB4 ń gba iṣẹ́ láti orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sì sábà máa ń dè é mọ́ inú ẹ̀rọ lésà gan-an. Ó lè ka eré láti inú káàdì kékeré láìsí kọ̀ǹpútà nítòsí, ó sì ń gbọ́ràn sí pátákó DMX tí ẹ fi ń darí àwọn iná yòókù.

Àǹfààní àkọ́kọ́ nínú irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni àkókò. Ẹni tó bá fẹ́ kí lésà bá orin ìṣẹ́jú mẹ́ta rìn, kí ìtànṣán ṣí nígbà tí ìlù bá wọlé, kó sì pa nígbà tí akọrin bá dákẹ́, lè fi odindi ọjọ́ jókòó tì í. Sọ́fíwià tó gbóúnjẹ fẹ́gbẹ́ ti kó ọ̀pọ̀ àwòrán sílẹ̀ de yín, ó sì ń jẹ́ kí ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé orin lórí ìlà àkókò. Èkejì ni àtúnṣe àwòrán. Kò sí gbọ̀ngàn méjì tó rí bákan náà. Nígbà míì, ẹ̀gbẹ́ pèpéle nìkan ni àyè ẹ̀rọ wà, àwòrán á wá wọ́ sápá kan. Sọ́fíwià tó dára á tọ́ ọ, á sì jẹ́ kí ẹ pín ojú ibi tí ìtànṣán ń dé sí ẹkùn-ẹkùn: ti ògiri, ti òkè, ti ara pèpéle. Ẹ̀kẹta ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè darí ẹ̀rọ mẹ́jọ pa pọ̀, kí gbogbo wọn máa jó ijó kan náà láìṣì ẹsẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè nǹkan wọ̀nyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kọ̀ntírólà kékeré wà, irú bíi Helios tó ń lo wáyà USB àti Ether Dream tó ń lo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí owó wọn kéré gan-an sí ti àwọn ńlá, tí oríṣiríṣi sọ́fíwià sì ń bá ṣiṣẹ́, títí kan èyí tí kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ lésà kan tàbí méjì, tó ń tan ìtànṣán sókè orí àwọn oníjó, tó sì ń kọ orúkọ ọlọ́jọ́ ìbí sára ògiri, lè fi wọ́n ṣe é kó gún régé. Ohun tí kò ní bá owó wọn wá ni ẹni tí ẹ lè pè nígbà tí nǹkan bá dà rú. Fúnra yín lẹ máa ka ìwé rẹ̀, fúnra yín lẹ máa wá ojútùú. Bí ẹ bá ní sùúrù fún ìyẹn, ẹ̀kọ́ tí ẹ máa kọ́ á wúlò fún yín dọjọ́ alẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo fídíò àwọn ọ̀gá, tí ẹ rò pé sọ́fíwià wọn ló ń ṣe idán yẹn, ẹ rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí Ivan Dryer gbé eré Laserium kalẹ̀ ní Griffith Observatory ní Los Angeles ní oṣù Kọkànlá ọdún 1973, kò sí QuickShow, kò sí BEYOND. Òṣìṣẹ́ ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, tó ń gbọ́ orin, tó sì ń fi ọwọ́ darí ìtànṣán lójú àwọn èèyàn. Eré náà lo ohun tó ju ọdún 25 lọ níbẹ̀. Etí tó gbọ́ orin àti ọwọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kí iná kú ló gbé iṣẹ́ náà dúró. Ẹni tí kò bá tíì ní etí àti ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kó fi ohun èlò kékeré kọ́ ọ ná.

Ibì kan wà tí mi ò ti ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣahun. Ojú lọba ara. Lésà tó bá ti ju 500 miliwáàtì lọ ti wọ Kíláàsì 4, ìpele tó léwu jù lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń gbé lọ òde lónìí sì jẹ́ ti wáàtì mélòó kan. Kí ojú tó ṣẹ́, nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá ti kọjá, ìtànṣán tó lágbára bẹ́ẹ̀ sì ti lè dá ọgbẹ́ sí ẹ̀yìn ẹyinjú, ọgbẹ́ tó lè má san mọ́. Bí sìkánà bá dúró lójijì, gbogbo agbára tó ń tú ká tẹ́lẹ̀ á kóra jọ sójú kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń pa ìtànṣán fúnra rẹ̀ bí dígí bá dúró, àti bọ́tìnnì pupa tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó, tó ń pa gbogbo lésà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn sọ́fíwià olówó ńlá tún ń jẹ́ kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní apá ibi tí èrò wà. Bí nǹkan wọ̀nyí bá wà lára ohun tó mú kí kọ̀ntírólà kan wọ́n, apá yẹn nínú owó rẹ̀ kò pọ̀ jù.

Síbẹ̀, kò sí kọ̀ntírólà tó lè rọ́pò òye. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ fi lésà Kíláàsì 3B tàbí 4 ṣeré fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ lésà níbẹ̀. Àyàfi tí ìwé náà bá sọ ọ́ lọ́tọ̀, ìtànṣán gbọ́dọ̀ fi mítà 3 ga ju ilẹ̀ tí èrò dúró sí, kó sì fi mítà 2.5 jìnnà sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ mú òṣùwọ̀n yìí lò níbikíbi tí ẹ bá wà. Ní oṣù Keje ọdún 2008, níbi àjọ̀dún orin kan tó ń jẹ́ Aquamarine ní Rọ́ṣíà, òjò rọ̀, wọ́n ta àgọ́ bo àwọn oníjó, lésà sì ba ọ̀pọ̀ èèyàn lójú jẹ́. Òde tiwa náà kì í yé ta kánópì bí òjò bá ṣú. Nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ta kánópì, tó gbé àga, tàbí tó sún pèpéle, ẹ pa lésà ná, kí ẹ tún ọ̀nà ìtànṣán yẹ̀ wò. Ẹ ronú kan àwọn ayàwòrán náà: ìtànṣán tó bá wọ ojú kámẹ́rà tààrà lè ba inú rẹ̀ jẹ́ títí láé, ẹ̀yin sì ni wọ́n máa wá bá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Ká ní kọ̀ntírólà àti sọ́fíwià kan jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Ká tún ní nítorí rẹ̀, oníbàárà ń fi 50,000 náírà kún owó òde kọ̀ọ̀kan. Òde 20 ló máa san owó rẹ̀ padà. Ẹni tó ń lọ sí irú òde bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì lóṣù á rí owó rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́wàá, kó tó máa jèrè. Ẹni tó ń rí i lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta á fi ọdún márùn-ún sin kọ̀ntírólà. Ohun tí ẹ máa fi sínú ìṣirò ni owó tó wọlé nítorí kọ̀ntírólà nìkan. Owó tí ẹ ti ń gbà tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó yíyá ni, ẹ fi èlé kún un, kí ẹ sì rántí pé dọ́là lè gbówó lórí kí ọjà tó dé.

Ìmọ̀ràn mi fún olùbẹ̀rẹ̀ ni pé kó ra ẹ̀rọ kan tó ní ihò ILDA, kó fi kọ̀ntírólà kékeré darí rẹ̀, kó sì kọ́ iṣẹ́. Sọ́fíwià wà tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àwòrán lójú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹni tó ní ẹ̀rọ méjì sí mẹ́rin, tó ń rí òde déédéé, irú QuickShow á tó o, kó sì fi owó tó kù ra kọ̀ntírólà àpamọ́ kan, nítorí ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́ lójú òde, sọ́fíwià ńlá kò ní gbà á. Ẹni tó ń tan lésà fún àwọn olórin ńlá, tí lésà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá fídíò, ìró àti àwọn iná yòókù rìn lákòókò kan náà, kó ra irú BEYOND láìṣiyèméjì. Kó sì ṣọ́ra fún àlòkù àti ayédèrú. Kó fi nọ́ńbà ara kọ̀ntírólà béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kó tó sanwó, nítorí kọ̀ntírólà tí sọ́fíwià kò bá dá mọ̀ kò wúlò fún nǹkankan.

Kí ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ kọ òde mẹ́wàá tí ẹ ṣe kẹ́yìn sínú ìwé. Ẹ fàmì sí èyí tí oníbàárà béèrè ohun tí ohun èlò yín kò lè ṣe, tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀. Bí àmì bá ju márùn-ún lọ, ẹ ra èyí tó wọ́n, ẹ má wẹ̀yìn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó náà ra sìkánà tó yá, bọ́tìnnì pupa àti ẹ̀kọ́ ààbò lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, kí ẹ sì tún ìwé náà kọ lẹ́yìn òde mẹ́wàá mìíràn.