Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: TA LÓ DÌBÒ FÚN AKÁPÒ ÌJỌBA?



Ní ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí mo ka ìkéde pé a ó dìbò fún ipò akápò ní ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún tó ń bọ̀, ìyá wa kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Tẹ̀júoṣó dìde. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, akápò tiwa, a máa ń dìbò fún un. Akápò Ìpínlẹ̀ Èkó ńkọ́? Láti ọjọ́ tí mo ti ń dìbò, n kò rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò rí." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alága ní kí a máa bá ètò lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú. A sì bá ètò lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dá ìyá wa lóhùn.

Ìdáhùn rẹ̀ kúrú: kò sí ẹni tó dìbò fún un. Ní Nàìjíríà, a kì í dìbò yan akápò ìpínlẹ̀ kankan. Ní Àlàúsà, ní Ìkẹjà, ni Ilé Ìṣúra Ìpínlẹ̀ Èkó wà, ẹni tó sì jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ni Akáńtántì Àgbà. Gómìnà ló ń yàn án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Kọmíṣánnà fún ètò ìnáwó ni akápò. Rárá o. Gómìnà ló ń yan Kọmíṣánnà náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin á sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ọ̀nà tí owó yóò gbà wọlé àti bí a ó ṣe pín in. Akáńtántì Àgbà ló ń san owó jáde, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi wé ẹgbẹ́ wa, òun gan-an ni akápò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹni tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gbẹ́ni Akínwùnmí Àm̀bọ̀dé ni Akáńtántì Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2006 títí di 2012. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, owó ìpínlẹ̀ ń gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sì sí ará Sùúrùlérè kan tó tẹ̀ka fún un. Ọdún 2015 ni orúkọ rẹ̀ hàn sí wa lórí ìwé ìdìbò, ipò gómìnà ló sì ń dù nígbà náà, ó sì wọlé. Ní 2018, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò fà á kalẹ̀ mọ́, Babájídé Sanwó-Olú ni wọ́n fà kalẹ̀. Èmi kò sọ pé ẹnì kan ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa o. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe òṣèlú, kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé ìròyìn yìí pè mí lẹ́jọ́. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé nígbà tó ń tọ́jú owó, a kò dìbò fún un, ìgbà tí a sì wá dìbò fún un, iṣẹ́ mìíràn ni a gbé fún un.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé owó náà kò ní olùṣọ́? Ó ní. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, láti orí abala 120 lọ, ló ṣètò rẹ̀. Owó tó bá wọlé fún ìpínlẹ̀ yóò bọ́ sínú àpò kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀ àfi bí òfin bá ti yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ọdún bá parí, Akáńtántì Àgbà yóò kó ìwé ìṣirò rẹ̀ fún Olùyẹ̀wé-Owó-Wò Àgbà. Láti ọjọ́ tó bá ti gbà á, ó ní 90 ọjọ́ láti gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún un lórí iṣẹ́ náà. Gómìnà ló yàn án lóòótọ́, Ilé sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n bí gómìnà bá fẹ́ yọ ọ́ kí àkókò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó pé, kò lè dá a ṣe. Ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Aṣòfin 40 ló wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Èkó, a jẹ́ pé ènìyàn 27 ló gbọ́dọ̀ gbà pé kí ó lọ.

Ìyá wa, ibẹ̀ ni ìbò tiyín wà. Nínú àwọn 40 yẹn, Sùúrùlérè ní 2, ọ̀kan fún Sùúrùlérè Kìíní, ọ̀kan fún Sùúrùlérè Kejì. Àwọn ni wọ́n yẹ kí ó ka àbọ̀ ìṣirò owó yẹn fún wa. Ní ọjọ́ kejì ìpàdé, mo bi àwọn méje léèrè nínú àwọn tí wọ́n wá san owó àdásí oṣù, bóyá wọ́n mọ orúkọ àwọn méjèèjì. Méjì péré ló mọ ọ̀kan, ìdí tí wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n ni pé wọ́n ń wo sinimá rẹ̀: Desmond Elliot, òṣèré tó wọlé fún Sùúrùlérè Kìíní ní 2015. Ẹnì kan bi mí pé, "Akọ̀wé, ẹ̀yin náà ńkọ́?" Mo ní kí ó mú káàdì rẹ̀ wá kí n kọ owó tó san.

Ó dára. Ẹlòmíràn á ní kí a kúkú máa dìbò fún akápò ìpínlẹ̀ bí a ti ń dìbò fún gómìnà. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ tó wà níbẹ̀, aráàlú ló ń dìbò yan akápò. Ní àwọn mìíràn, gómìnà tàbí ilé aṣòfin ló ń yàn án. Ní Texas, obìnrin kan tó ń jẹ́ Martha Whitehead du ipò náà ní 1994, ó sì ń polongo pé bí òun bá wọlé, òun yóò rí i pé wọ́n pa ipò náà rẹ́, nítorí kò wúlò mọ́. Wọ́n dìbò fún un. Ní 1995 àwọn aráàlú dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà, ní 1996 ipò akápò Texas di ohun ìgbàgbé, wọ́n sì kó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ́fíìsì mìíràn. Ẹ ò rí i pé ayé fẹ̀. Ta ló ti gbọ́ irú rẹ̀ rí níbí, pé ẹnì kan du àga kí ó lè fọ́ àga?

Ìpínlẹ̀ Connecticut ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kàn wá gan-an. Ní Connecticut, ọwọ́ akápò ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tíṣà wà, òun sì ni ọ̀rọ̀ ibi tí a ó fi owó náà ṣòwò sí kàn. Nígbà tí mo ń sọ yìí, owó náà ju bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Ní 1997, akápò tí wọ́n dìbò yàn fi ipò sílẹ̀, gómìnà sì fi Paul Silvester rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1998, àsìkò ìdìbò dé. Denise Nappier, obìnrin adúláwọ̀ tó ti jẹ́ akápò ìlú Hartford, bá a du ipò náà, ó sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò akápò ìpínlẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, à bá pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà. Oṣù kọkànlá ni wọ́n dìbò, oṣù kìn-ín-ní 1999 ni obìnrin náà yóò tó gba àga. Láàárín kí ó tó dé, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti lé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ̀nyẹn ni Silvester sáré fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là owó ìfẹ̀yìntì sọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi owó ṣòwò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gba owó alárinà lórí díẹ̀ nínú rẹ̀, apá kan owó náà sì ń padà sọ́dọ̀ òun fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1999, ó jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi. Ní 2003, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin lé oṣù díẹ̀. Ní 2000, àwọn aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin tó ka irú owó alárinà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Nappier wà lórí àga títí di 2019, ogún ọdún gbáko.

Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, ara mi bù máṣọ, nítorí mo ti rí i rí.

Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹgbẹ́ wa yìí. Ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ ni a ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀, èmi ni igbákejì akọ̀wé. Akápò wa jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, kì í pẹ́ lẹ́yìn àdúrà, bó bá sì di ìkómọ tàbí òkú, òun ló kọ́kọ́ ń dáwó. A dìbò, ó fìdí rẹmi. Kò bínú o. Ó tilẹ̀ dìde bọ ẹni tó wọlé lọ́wọ́. A fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tún ìwé ṣe, kí ó tó fà á lé akápò tuntun lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ó yá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án lówó. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí oníduúró. Nígbà tí a dé báǹkì, ohun tó kù kò tó láti fi san owó àjọpín ìdajì àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì.

Báwo ló ṣe rí owó náà gbà? Sọ̀wédowó méjìlá ni èmi àti alága ti fọwọ́ sí sílẹ̀ fún un ní òfìfo, kí a má baà máa dá iṣẹ́ dúró. Ó ní alága kì í sí nílé, èmi náà sì ń rìnrìn àjò. Ó dùn ún gbọ́, a sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí baba kan tó ń wa mọ́tò ọ́fíìsì wá béèrè owó ọdún mọ́kànlélógún rẹ̀, n kò lè wo ojú wọn. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn jókòó sí orí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì. Títí di òní, bí mo bá rí bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé sọ̀wédowó, ọwọ́ mi máa ń wúwo.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ìdìbò wa ṣe ń bọ̀ yìí, mo ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Lágbájá ni kí a mú, ó lówó, kò ní jí tiwa." "Tàmẹ̀dò ni, alhájì ni." Ẹ mú ẹni tó bá wù yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n olówó náà máa ń jẹ gbèsè, ẹni tí a fẹ́ràn sì lè má mọ ìṣirò rárá. Bóyá ìdí tí ìjọba fi ń yan Akáńtántì Àgbà láàárín àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó nìyẹn, dípò kí ó gbé e lọ sí àpótí ìdìbò. Ohun tí ó jọra níbi gbogbo, ní Àlàúsà, ní Connecticut, ní ẹgbẹ́ tí mo sọ yẹn, ni pé ẹni tó ń san owó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń pàṣẹ pé kí a san án, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ni yóò yẹ ara rẹ̀ wò.

Ẹ má sì rò pé ayé sọ̀wédowó òfìfo ti lọ nítorí pé orí fóònù ni a ti ń fi owó ránṣẹ́ báyìí. Bí báǹkì bá fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sórí fóònù alága, tí alága sì fi nọ́ńbà náà ṣọwọ́ sí akápò láì béèrè ta ni a fẹ́ sanwó fún, kí ló yàtọ̀? Èyí tilẹ̀ burú jù, nítorí kò sí ìwé tí a ó fi hàn.

Nítorí náà ìgbìmọ̀ ti gbà kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín ní ìpàdé gbogboogbò, kí ẹ dìbò lé e lórí kí a tó dìbò fún akápò fúnra rẹ̀. Èkíní, láti ọjọ́ tí a bá ti ka orúkọ àwọn olùdíje síta títí di ọjọ́ tí akápò tuntun bá gba ìwé, a kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń retí owó iléèwé ọmọ yóò kùn. Ẹ tètè mú fọ́ọ̀mù yín wá ṣáájú. Èkejì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀lé ìdìbò, alága, akápò àtijọ́, akápò tuntun àti èmi yóò jọ lọ sí báǹkì láti yí àwọn tó ń fọwọ́ sí owó padà. Bí akápò àtijọ́ bá tún wọlé, a ó ṣì lọ, a ó gba ìwé tó ń fi iye owó hàn, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Ẹ̀kẹta, ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ ni a ó yàn láti jókòó ti ìwé náà nígbà tí wọ́n bá ń fà á léra wọn lọ́wọ́. Mo ti bẹ ìyá wa oníṣòwò aṣọ pé kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀wé púpọ̀. Mo ní wọ́n mọ owó.

Kí oníkálukú mú káàdì àdásí rẹ̀ dání lọ́jọ́ náà. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ìwé ńlá ẹgbẹ́, kí ó wá rí mi ṣáájú ìpàdé. Mo wà ní ọ́fíìsì láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́fà, àfi ọjọ́ Jímọ̀.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́