Ẹ̀kọ́ Nípa DNA àti RNA: Ìdí tí Ẹ̀gẹ́ fi Ń Jọ Igi tí a Gé e Lára Rẹ̀

Fún àwọn àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní agbègbè Ṣáṣá, Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ máa ń jọ igi tí a gé e lára rẹ̀. Bí ìyá bá ń ta isu ńlá, ọmọ yóò ta isu ńlá. Bí ewé ìyá bá ká jọ, tí ó sì ní àbàwọ́n àwọ̀ ìyeyè, ewé ọmọ náà yóò ká jọ. Ohun méjèèjì yìí jọra lójú, ṣùgbọ́n ìdí wọn kò jọra rárá. Èkíní jẹ́ ogún. Èkejì jẹ́ àrùn. Àgbẹ̀ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin àrùn lọ́dọọdún, yóò sì máa dá ilẹ̀ lẹ́bi. Nítorí èyí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Ìwé àṣẹ tí ó wà nínú igi

Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ewé tàbí isu ẹ̀gẹ́, a ó rí i pé ó pín sí yàrá kéékèèké tí kò lóǹkà. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà bí okùn tín-ínrín, tí a ń pè ní DNA. DNA ni ìwé àṣẹ ẹ̀gẹ́. Òun ni ó ń sọ bí ewé yóò ti rí, bí isu yóò ti tóbi tó, àti bóyá igi náà yóò lè dúró níwájú àrùn.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ìwé yìí: A, T, G àti C. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mẹ́rin kéré jù. Ẹ wo èdè wa: oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Àmì kékeré ni ó ya ibi tí a ń dáko sọ́tọ̀ kúrò lára olórí ilé, ohun tí a fi ń kọ ebè, àti ohun tí ń gbé wa lọ sí ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni lẹ́tà kan tí ó yí padà nínú DNA ṣe lè yí ìwà igi padà. Gbogbo lẹ́tà inú ìwé ẹ̀gẹ́ tó bíi mílíọ̀nù 700.

2. Bí DNA ṣe rí

Ní ọdún 1953, James Watson àti Francis Crick ní Cambridge ṣàlàyé bí DNA ti rí. Àwòrán tí Rosalind Franklin àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní London yà wà lára ohun tí wọ́n gbé e lé. Okùn méjì tí a lọ́ mọ́ ara wọn ni DNA. Lẹ́tà tí ó wà lára okùn kan dojú kọ lẹ́tà tí ó wà lára èkejì: A kì í bá òmíràn so pọ̀ bí kò ṣe T, bẹ́ẹ̀ ni G kì í bá òmíràn so pọ̀ bí kò ṣe C.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ètò yìí. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá fẹ́ di méjì, okùn méjèèjì yóò yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì tún ẹnì kejì rẹ̀ ṣe, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ìwé kan yóò di méjì tí ó bára dọ́gba. Báyìí ni igi tí ó gùn tó apá ṣe ń di odindi ẹ̀gẹ́ tí ó ní ìwé kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

3. RNA, ìránṣẹ́

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í gbé ìwé ńlá ẹgbẹ́ lọ sí oko. Yóò tì í mọ́ àpótí, yóò da ìlà tí iṣẹ́ òní kàn kọ sí ìwé pélébé, yóò sì fi rán àwọn òṣìṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n lè ya ìwé pélébé náà sọnù, ṣùgbọ́n ìwé ńlá wà níbẹ̀.

RNA ni ìwé pélébé náà. Okùn kan ṣoṣo ni, kì í ṣe méjì, ó sì ń lo lẹ́tà U ní ipò T. Yóò jáde lọ sí ibi iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí a ti ń ka lẹ́tà rẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Lẹ́tà mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ń dárúkọ ọ̀kan nínú oríṣi ẹyọ 20, a ó sì máa to ẹyọ wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí ó jáde ni purotéènì. Àwọn purotéènì ni òṣìṣẹ́ inú igi: àwọn ni ó ń sọ oòrùn di oúnjẹ nínú ewé, tí wọ́n sì ń kó o pamọ́ sínú isu.

Ìwé kan náà ni ó wà nínú ewé àti nínú isu. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé tí ewé ń kà yàtọ̀ sí èyí tí isu ń kà.

4. Àrùn kíká ewé

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn kíká ewé ẹ̀gẹ́. DNA ni ìwé tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó kúrú púpọ̀: òrùka kéékèèké méjì, tí lẹ́tà ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó 3,000. Kò ní irinṣẹ́, kò sì lè dá ohunkóhun ṣe. Kòkòrò funfun kékeré tí ń gbé abẹ́ ewé ni ó ń gbé e kiri, bí ó ti ń fa oje láti igi dé igi.

Nígbà tí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, yóò gbé ìwé tirẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀gẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ pé ti àlejò ni. Wọn yóò da á kọ, wọn yóò ṣe RNA àti purotéènì fún un, títí yóò fi kún inú igi. Oúnjẹ tí ó yẹ kí ó lọ sínú isu yóò dín kù. Nítorí pé fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú igi tí a ń gé gbìn, àgbẹ̀ ni ó ń gbé e láti oko kan sí òmíràn. Ajílẹ̀ kì í wò ó. Kò sì sí oògùn tí a lè fọ́n tí yóò lé e jáde lára igi.

Ní Ùgáńdà, láti ìparí àwọn ọdún 1980, ìwé irú fáírọ́ọ̀sì méjì dà pọ̀, ó sì di irú kan tí ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè, àwọn àgbẹ̀ pa ẹ̀gẹ́ tì, ebi sì wọ ilé.

5. Bí a ṣe rí ẹ̀gẹ́ tí ó lè dúró

Igi tí a gé gbìn kì í yí ìwé padà. Ṣùgbọ́n nínú kóró èso ẹ̀gẹ́, ìwé bàbá àti ti ìyá máa ń dà pọ̀. Nítorí náà, kóró ni àwọn onímọ̀ ń lò láti wá irú tuntun.

Ní àwọn ọdún 1930, ní Amani ní ilẹ̀ Tanganyika tí ó di Tàǹsáníà, H. H. Storey àti R. F. W. Nichols so ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan tí oje ara rẹ̀ ń di rọ́bà. Ní àwọn ọdún 1950, kóró láti inú iṣẹ́ náà dé Moor Plantation ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1971 ni S. K. Hahn ti ń lo irú tí a yàn níbẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí tí kò jìnnà sí Ṣáṣá. Nínú iṣẹ́ yìí ni TMS 30572 ti jáde. Àwọn ará Ìkirè mọ rírì iṣẹ́ Hahn, wọ́n sì fi í jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀.

Agbára mìíràn wà tí àwọn àgbẹ̀ wa fúnra wọn ti ní lóko láìmọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí à ń pè ní Ọkọ-ìyàwó, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìwádìí jẹ́ TME 7, wà lára irú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ń bá agbára yìí rìn, nínú ojú-ìwé tí ń ṣètò purotéènì tí ń da DNA kọ. Ẹ rántí pé fáírọ́ọ̀sì kò ní adàwékọ tirẹ̀. Ti ẹ̀gẹ́ ni ó ń yá lò.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé irú yìí borí gbogbo àrùn. Ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà, àrùn kan wà tí ń sọ inú isu di àwọ̀ ilẹ̀, tí ó sì ń rà. RNA ni ìwé fáírọ́ọ̀sì tí ń fà á, ẹ̀gẹ́ tí kì í ká ewé sì lè kó o. Ẹ má ṣe gba igi ẹ̀gẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá láti ọ̀nà jíjìn láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

(a) Ẹ yan ìyá igi ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá, nígbà tí ewé ṣì kún. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti gbọn ewé dànù, ẹ kò ní lè mọ èyí tí ó ní àrùn. Ẹ so àkísà mọ́ igi tí ewé rẹ̀ dán láìní àbàwọ́n.

(b) Ẹ gé igi lára èyí tí ó ti pé oṣù 8 sí 12. Kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí ó sì ní ojú 5 sí 7.

(d) Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa rin oko. Èyí tí ewé rẹ̀ bá ká, ẹ fà á tu, kí ẹ sì kó o kúrò.

(e) Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún igi mímọ́, jìnnà sí oko tí ó ní àrùn. Ẹ̀gẹ́ kan lè mú igi bíi 10 wá lọ́dún. Ẹgbẹ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi 100 yóò ní 1,000 lẹ́yìn ọdún kan, àti 10,000 lẹ́yìn ọdún méjì. Èyí tó láti gbin hẹ́kítà kan, bí a bá fi mítà kan sí àárín igi kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́

1. Kí ni iṣẹ́ DNA, kí sì ni iṣẹ́ RNA?
2. Èwo ni ogún, èwo sì ni àrùn, nínú ohun tí igi ẹ̀gẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?
3. Kí nìdí tí ajílẹ̀ kò fi lè wo ewé tí ó ká?
4. Ta ni nínú ẹgbẹ́ yìí ní igi mímọ́ tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ilẹ̀ ta ni a ó sì lò?