Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÈSO IRÚGBÁ NÍ ÀKÓKÒ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Bí ewébẹ̀ oko bá ti ń gbẹ báyìí, àwọn kan a máa rò pé ìgbẹ́ kò ní nǹkan kan fún wa mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àkókò yìí ni igi irúgbá ń yọ òdòdó rẹ̀ pupa róbótó, tí àdán ń bẹ̀ ẹ́ wò lóru. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ parí ni èso rẹ̀ máa ń gbó ní agbègbè Ṣakí, Kíṣì àti Ìgbòho. Ìwọ̀nba ni ẹni tó ń gbìn ín. Fúnra rẹ̀ ló ń hù.

1. Kíká rẹ̀. Igi tó wà lóko olóko ní olúwa rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ẹ jẹ́ kí èèpo rẹ̀ dúdú, kó sì gbẹ. Ẹ má ká èyí tó ṣì tutù, hóró rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ má sì ṣẹ́ ẹ̀ka, nítorí orí ẹ̀ka ni tọdún tó ń bọ̀ yóò so sí.

2. Lílò rẹ̀. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ tó dà bí àwọ̀ ìyeyè dùn lẹ́nu. A lè pò ó mọ́ omi mu. Hóró rẹ̀ ni a fi ń ṣe irú. Ó le púpọ̀, nítorí náà a ó sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè, a ó sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 3. Wóró àti pẹ̀tẹ̀ la máa ń rí lọ́jà. Iyọ̀ àti oòrùn ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́.

3. Òwò rẹ̀. Hóró tó gbẹ dáadáa ṣeé tọ́jú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí kò rówó rà á nígbà tó pọ̀, ọwọ́ alágbàtà ni yóò ti rà á nígbà òjò, ní iye tí onítọ̀hún bá pè é. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a da owó pọ̀, kí a rà á pọ̀, kí a sì jọ tọ́jú rẹ̀. Kí a tó wọn kóńgò, ẹ fi eyín gé hóró kan wò. Bó bá rọ̀, kò gbẹ. Yóò bu nínú àpò.

4. Ewu tó wà ńbẹ̀. Àwọn kan ń gé irúgbá láti fi sun èédú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èédú ń mówó wá. Igi tó wà láàyè ń so lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ó sì ń tó ọdún 5 sí 10 kí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Bí a bá gé e tán, kí ni àwọn ìyá wa tó ń ṣe irú yóò máa tà?

Ìbéèrè fún ìpàdé:
(a) Igi irúgbá mélòó ló kù ní oko yín?
(b) Èló ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dá fún ríra hóró pọ̀?
(d) Ta ni yóò gbin irúgbá kan lọ́dún yìí?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.