Òjò Kì í Ti Òkè Nìkan Wá

Iṣẹ́ tí o rán dé etí mi, ọmọ mi, pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń bọ̀ wá sí Mopa nínú òjò, pé ẹ ò ní sùn nínú ilé, pé ẹ fẹ́ so ibùsùn àsokọ́ yẹn, èyí tí òyìnbó ń pè ní hammock, mọ́ igi méjì lẹ́bàá àpáta, kí ẹ sì na tapólì bò ó lórí. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí pé nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, ẹni tó bá sùn síta nínú òjò, iṣẹ́ ló gbé e dé ibẹ̀, kì í ṣe fàájì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé ẹni tó yẹ kí o bi ní irú tapólì tí o máa rà náà ni o bi, nítorí bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ọ̀pọ̀ nínú àkísà tèmi sì rèé, tapólì ni.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1991, kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí àwọn àgbà ṣì ń jiyàn nídìí ayò bóyá a ó jèrè kíkúrò lára Kwara tàbí a ò ní jèrè, mo wà lóko, mo ń ṣọ́ iṣu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wa. Ahéré mi ti wó, mo bá na tapólì aláwọ̀ búlúù kan sáàárín igi kajú méjì. Tuntun ni, ìránṣọ rẹ̀ dán, mo sì sùn bí ọba. Nígbà tí òru gànjọ́ dé, ẹ̀fúùfù gbéra láti apá Lọ́kọ́ja, ó gba ẹ̀gbẹ́ tí mo ṣí sílẹ̀ wọlé, ó gbé tapólì mi lọ bí aṣọ egúngún, òjò sì nà mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Eji ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Láàárọ̀ ni mo rí tapólì náà lórí igi lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tìgun-tìgun, ọmọ mi, kò sí ihò kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo àwọn tó ń ra tapólì lọ́jà tìyanu-tìyanu. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé ṣé kò ní jò, olùtajà á bu omi sí i láàárín, á gbé e sókè, á ní ṣé ẹ rí i, kò kán. Òótọ́ ló sọ, kò kán. Ṣùgbọ́n òjò tó ń pa ẹni tó sùn lábẹ́ tapólì kì í sábà gba òkè: ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé, tàbí kó tọ okùn wá, tàbí kó ta sí ọ lára láti ilẹ̀. Ìdí nìyí tí n ò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ, bí kò ṣe láti ibi tí òjò ti ń wá.

Òjò tó ń jà bí ogun ní ilẹ̀ wa, ìlà oòrùn ló ti ń wá, ìwọ̀ oòrùn ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì rí káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bí ojú ọ̀run bá dúdú lápá Kábbà àti Lọ́kọ́ja, tètè múra. Bó bá jẹ́ apá Ìsánlú ló ti dúdú, lọ́pọ̀ ìgbà ó ti ń lọ ni. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé oṣù tí òjò pọ̀ jù ni ìjì le jù, torí òjò oṣù Keje lè rọ̀ tọ̀sán-tòru pẹ̀lú sùúrù, àmọ́ òjò àkọ́rọ̀ ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, àti èyí tó ń kógbá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, àwọn ni wọ́n ń ṣí páànù lórí ilé. Nítorí náà, jẹ́ kí okùn òkè tapólì rẹ lọ láti àríwá sí gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, kí o sì fa ẹ̀gbẹ́ náà wálẹ̀ débi pé adìẹ ò ní lè rìn gba abẹ́ rẹ̀.

Fífa ẹ̀gbẹ́ wálẹ̀ yìí àti gígùn ibùsùn rẹ ló ń sọ bí tapólì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ibùsùn àsokọ́ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 11 bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, bí a bá so ó tó rọ̀ sísàlẹ̀, á kù bí ẹsẹ̀ bàtà 9 láti orí dé ìdí. Tapólì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà kan, ó kéré tán, jù ú lọ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Mo fọwọ́ sí 12 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀. Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o ra onígun mẹ́rin 10 sí 10, kí o sì na án ní igun sí igun, yóò fún ọ ní 14 lókè. Yóò fún ọ lóòótọ́, yóò sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ti ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn.

Ní ti aṣọ fúnra rẹ̀, tapólì ọ̀rá tó wà lọ́jà kò wọ́n, kò sì wúwo púpọ̀, àmọ́ oòrùn máa ń jẹ ẹ́, ariwo rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kò sì ní jẹ́ kí o sùn. Èyí tí àwọn onítírélà fi ń bo ẹrù, ìjì ò rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò rù ú gun òkè? Kánfáàsì dára títí orí rẹ yóò fi kàn án láti inú nígbà òjò. Ibi tó kàn yẹn ni omi á ti máa wọlé. Nylon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi sílíkónì pa lára ṣeé dì sápò, àmọ́ bó bá ti tutù, ó ń nà, o ní láti dìde lóru lọ fa okùn le. Pọ́líẹ́sítà kì í nà tó bẹ́ẹ̀. Èmi, òun ni n ó mú. Ìyá mi tó ń hun kíjìpá kì í wo àárín aṣọ kó tó wo etí rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún tapólì, nítorí níbi ihò tí okùn ń gbà ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí wọn ò bá ṣẹ́ etí náà po nílọ̀ọ́po méjì, dá a padà fún olówó rẹ̀.

Má ju àkísà nù. Omi máa ń tọ okùn bí èèrà. So àkísà wẹ́rẹ́ kan mọ́ okùn ibùsùn rẹ, lábẹ́ tapólì, kó tó kan aṣọ ibùsùn fúnra rẹ̀, omi á dé ibẹ̀, á kán sílẹ̀.

Ìrọ̀rùn igi ni ìrọ̀rùn ẹyẹ, ìwọ náà sì ti di ẹyẹ lálẹ́ ọjọ́ náà: wo òkè kí o tó so nǹkan kan, ẹ̀ka gbígbẹ kì í kìlọ̀ kó tó já. Má sùn sídìí igi tó dá dúró, má sùn sórí àpáta, torí àrá. Má sì dúró sójú àgbàrá, bó ti wù kó gbẹ tó nírọ̀lẹ́. Ohun kan tún wà tó ń dùn mí láti sọ, torí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa: igbó tí àwa ń sùn sí láìfòyà, àwọn ajínigbé ti bà á jẹ́. Ẹ ò ní wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn ọdẹ ìlú mọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà pẹ̀lú yín.

Ọ̀sán ni kí ẹ wọ̀lú. Igi kajú méjì wà lẹ́yìnkùlé mi, àárín wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, mo ti gé ẹ̀ka gbígbẹ orí wọn kúrò. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí ń lè wo bí o ṣe so ó. N ò ní ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.