Àpótí Ìmọ̀: "Think over"

Bí ẹnìkan bá fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́, tí o kò sì fẹ́ dáhùn lójú ẹsẹ̀, o lè sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé "I'll think it over". O kò tíì gbà, o kò sì tíì kọ̀. O fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ná. "Think about" gbòòrò ju èyí lọ: ènìyàn lè "think about" ìyá rẹ̀ tó wà nílé láìní ìpinnu kankan láti ṣe. Ìpinnu ló sábà máa ń wà lẹ́yìn "think over".

Ipò "it" ló máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. "Think over it" kò tọ̀nà; àárín ni arọ́pò-orúkọ gbọ́dọ̀ wà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni, "think over the offer" àti "think the offer over" dára bákan náà.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá, torí èdè tiwa náà ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń là sí méjì. Wo "bàjẹ́". Ta ló máa sọ pé "ó bàjẹ́ aṣọ mi"? "Ó ba aṣọ mi jẹ́" ni. Òfin tiwa tilẹ̀ le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ pàápàá gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín. "Gbé yẹ̀ wò" tí a fi túmọ̀ "think over" lókè yìí náà ń là: "gbé e yẹ̀ wò", "gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò".

Má ṣe dà á pọ̀ mọ́ "overthink" o. Ríronú ju bó ṣe yẹ lọ nìyẹn.