Bí iṣẹ́ bá ń jó àjórẹ̀yìn, ṣé ọ̀gá ló yẹ ká lé?

Bí owó kò bá wọlé mọ́, máníjà ni ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ lé. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ni ikọ̀ eré ìdárayá máa ń ṣe sí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣùgbọ́n ṣé òun ló jẹ̀bi lóòótọ́, àbí àṣìṣe àwọn eléré ni? Ẹ jẹ́ ká fi ikọ̀ St. Louis Blues, tó ń gbá họ́kì orí yìnyín nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àríkọ́gbọ́n.

Lọ́jọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, lẹ́yìn tí wọ́n borí nínú eré 7 péré nínú 19, wọ́n lé Mike Yeo, wọ́n sì fi Craig Berube rọ́pò rẹ̀. Ṣé ìṣòro tán? Rárá o. Nínú eré 18 tó tẹ̀lé e, 8 ni wọ́n borí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2019, àwọn ló gbẹ́yìn nínú ikọ̀ 31 tó wà ní líìgì NHL.

Lọ́jọ́ keje oṣù náà ni Berube fi Jordan Binnington sójú ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ eré fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n na Philadelphia 3-0. Nínú 100 tí alátakò bá gbá sílé, nǹkan bíi 93 ni Binnington mú ní sáà náà. Jake Allen, tó ń ṣọ́lé tẹ́lẹ̀, mú nǹkan bíi 90 sí 91. Ó jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹni iwájú bá ṣàṣìṣe, ẹni ẹ̀yìn lè tún un ṣe. Bí aṣọ́lé bá ṣàṣìṣe, góòlù ni. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà, Blues na Boston 4-1, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Stanley fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1967 tí wọ́n ti wọ líìgì náà.

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Pípààrọ̀ ọ̀gá nìkan kò tó, ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun yìí náà ló fún aṣọ́lé tuntun láyè. Iṣẹ́ ọ̀gá ni láti mọ ibi tó ń jò, kó sì fi ẹni tó yẹ síbẹ̀. Ife ẹ̀yẹ pàápàá kì í dáàbò bo ọ̀gá títí láé: lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n lé Berube náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó lé máníjà, ẹ yẹ ìwé ìṣirò yín wò. Níbo gan-an lowó ti ń jò? Ṣé lọ́dọ̀ akápò ni, àbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù, níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn tó lè tún àṣìṣe ṣe? Ta ló sì fi onítọ̀hún síbẹ̀? Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn, ẹ máa mọ ẹni tó yẹ kó lọ.