Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Máa Mọ̀ Pé Àlá Lòun Ń Lá

Ọmọ mi, o ní o fẹ́ kọ́ bí èèyàn ṣe ń wà lójú oorun tó sì ń mọ̀ pé àlá lòun ń lá. N kò ní bá ọ wí, nítorí nǹkan gidi ni. Lọ́dún 1975, ní Yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keith Hearne fi ẹ̀rọ gba àmì tí Alan Worsley fi ẹyinjú rẹ̀ ṣe láti inú àlá, bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn rẹ̀ kó tó sùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí.

1. Kọ́kọ́ sùn yó. Ọwọ́ ìdájí ni àlá máa ń gùn jù. Bí o bá tẹ fóònù títí di aago kan òru, tí o sì dìde ní aago márùn-ún, ibi tí àlá pọ̀ sí gan-an lo gé dànù. Ọ̀dọ́langba nílò oorun wákàtí 8 sí 10, àgbàlagbà 7 ó kéré tán.

2. Fi ìwé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Bí o bá ti jí, kọ àlá náà kí o tó kí ẹnikẹ́ni, torí kì í pẹ́ tó fi ń pòórá. Tó bá yá, wàá rí ohun tó ń padà wá: gbọ̀ngàn ìdánwò, ìyá àgbà tó ti kú tó ń bá ọ sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò sáré. Ibẹ̀ lo ti máa dá àlá mọ̀.

3. Máa dán ara rẹ wò lójúmọmọ. Fọwọ́ di imú, pa ẹnu dé, kí o gbìyànjú láti mí. Bí atẹ́gùn bá wọlé, àlá ni. Tàbí kí o ka àkọlé kan, gbójú kúrò, kí o tún un kà. Lójú àlá ó sábà máa ń yí padà. Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ara rẹ tọkàntọkàn pé, "Ṣé mo sùn ni?" Bí o bá ń ṣe é lásán ní ọ̀sán, lásán náà lo máa ṣe é lójú àlá. Má sì fi fífò láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí wíwọ àárín títì dán an wò láé. Bó bá jẹ́ pé ojú rẹ là ńkọ́?

4. Má fi tipátipá wá a. Ọgbọ́n tí Stephen LaBerge ti Yunifásítì Stanford fi kọ́ni rọrùn: bí àlá bá jí ọ lídàájí, rántí rẹ̀, sọ fún ara rẹ pé, "Bí mo bá tún lálá, màá mọ̀ pé àlá ni," fojú inú wo ara rẹ níbi tí o ti ń dá a mọ̀, kí o sì sùn padà. Àwọn kan máa ń fi áláàmù jí ara wọn lẹ́yìn wákàtí márùn-ún. Fi ìyẹn sí alẹ́ ọjọ́ tí kò ní síṣẹ́ lọ́la, má sì sọ ọ́ di ti alaalẹ́. Oorun tí o já sí wẹ́wẹ́ máa gbẹ̀san lórí ọ̀kadà tàbí nínú kíláàsì. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

5. Má bẹ̀rù bí o bá jí tí ara kò gbéra. Nílé wa, ogun òru ni wọ́n ń pè é, àyà á wúwo bíi pé ẹnìkan jókòó lé e. Ọpọlọ máa ń de iṣan ara nígbà àlá kí a má baà máa ja ìjà àlá lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà mìíràn, ojú á là kó tó tú u. Má jà. Mí díẹ̀díẹ̀, gbìyànjú láti mi ọmọ ìka kan, á lọ láìpẹ́. Bó o bá máa gbàdúrà, gbà á, kí o sì sùn dáadáa, nítorí àìsùn wà lára ohun tó ń fà á. Bó bá ń ṣe lemọ́lemọ́, dáwọ́ dúró, lọ rí dókítà.

6. Bí o bá ti mọ̀ lójú àlá pé àlá lò ń lá, má hó. Ayọ̀ àṣejù máa ń jí èèyàn. Fọwọ́ ra ọwọ́, kí o rọra wo àyíká.

7. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, tàbí tí ojú ayé àti àlá ti ń dà pọ̀ mọ́ lọ́wọ́, kó má gbìdánwò yìí rárá láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Oògùn tí ẹnikẹ́ni bá sì gbé wá pé ó ń mú irú àlá bẹ́ẹ̀ wá, má gbé e mì.